Iná Tí A Fẹ́ Gbé Lọ Sórí Yìnyín

Iṣu ni mo ń bẹ lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ọkọ mi wọ kíṣínì wá tó ní òun fẹ́ lọ jókòó sórí odò kí òun máa pẹja.

Mo bi í pé, "Sórí odò, àbí sétí odò?"

"Sórí ẹ̀ ni. Odò yẹn ti dì."

Mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ọkùnrin tí mo ń wí yìí ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Láti ìgbà tí a ti kó wá sí Thamesmead nílùú òyìnbó ni adágún omi kan ti wà lẹ́yìn ilé wa, tí àwọn ẹyẹ funfun ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, n kò sì rí i rí kí ọkọ mi sún mọ́ ọn tó ìwọ̀n ẹsẹ̀ márùn-ún. Bí òtútù bá mú díẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ méjì ló ń wọ̀ sùn. Òun náà ló wá fẹ́ lọ jókòó sórí yìnyín.

Mo ní, "Daddy, ṣé ara yín yá?" Ó rẹ́rìn-ín, ó mú ègé iṣu tútù kan nínú abọ́, ó tún dá a padà.

Àkọ́bí wa obìnrin ló fa gbogbo rẹ̀. Ọmọ Finland ló fẹ́, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ń gbé. Bàbá ọkọ rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì, kò sì ní iṣẹ́ mìíràn nígbà òtútù ju kó lọ pa àgọ́ kékeré kan sórí adágún tó ti dì, kó fi irin lu yìnyín ní ihò, kó sì jókòó ti ihò náà pẹ̀lú ìwọ̀ lọ́wọ́ títí ẹja yóò fi gbé ìwọ̀ náà mì. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó ló ti ń pe ọkọ mi pé kó wá bá òun jókòó, ọkọ mi a sì máa dá a lóhùn pé ó di ọdún tó ń bọ̀. Lọ́dún yìí, ó ṣàdédé ní òun ń lọ.

Ọmọ wa fi fídíò ránṣẹ́ sí mi kí ọkàn mi lè balẹ̀. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti wò ó. Mo rí àwọn èèyàn tí wọ́n ń rìn lórí odò, mo gba ìyẹn. Àṣé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ń bọ̀ lẹ́yìn wọn, ojúlówó ọkọ̀ tó kó èèyàn mẹ́rin sínú, tó ń sáré lórí omi! N kò mọ ìgbà tí mo pariwo "Jésù!" Gbogbo bọ́ọ̀sì yíjú wò mí, obìnrin tó jókòó tì mí sì dìde, ó lọ wá ìjókòó mìíràn.

Àna wa ní kí ọkọ mi má mú ohunkóhun wá, pé gbogbo nǹkan ti wà nílẹ̀. Iná inú àgọ́ nìkan ló bàjẹ́, òun yóò sì ra òmíràn. Ọ̀rọ̀ yìí ni ọkọ mi gbá mú. Ó ní òun ni òun yóò gbé iná wá. Mo fara mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀, torí ta ni ń lọ sílé àna lọ́wọ́ òfo? Èmi ì bá tilẹ̀ fi aṣọ òkè kún un, àmọ́ ó ní iná ni wọn kò ní, iná náà ni òun yóò gbé lọ.

"Ìwọ lo mọ ọjà rà," ló wí. "Bá mi wá èyí tó mọ́lẹ̀ gan-an. Kó mọ́lẹ̀ bí ọ̀sán."

Mo lọ sí Woolwich, sí ṣọ́ọ̀bù ọmọ Nàìjíríà kan tí mo ti máa ń ra èlùbọ́. Òkè àpò ìrẹsì ló gbé àwọn láńtánì onííná ńláńlá sí, irú èyí tí a máa ń gbé kọ́ sókè ní Èkó nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ: onírédíò, ọlọ́wọ́ gbọọrọ, tó wúwo bí ọmọ ọdún kan. Inú mi dùn. Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù ní, "Auntie, ẹ gbé eléyìí. Tẹ́ ẹ bá on-ọ̀n ẹ, kódà adigunjalè máa bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ pa á." Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí ọmọ mi, n kò sì tíì kúrò nídìí káńtà tí fóònù mi fi dún.

"Mummy, no! Please! Ẹ gbé e sílẹ̀!"

"Kí ló ṣe é?"

"Battery yẹn máa kú once it touches the cold. And it's too heavy, wọ́n máa rìn for like a mile. Kó fúyẹ́, lithium battery, kó ní hook tí wọ́n máa fi kọ́ ọ. And it has to be waterproof, torí steam máa ń dà lé e lórí. Small one tún wà tí wọ́n máa ń clip sí ẹ̀gbẹ́ ihò yẹn, so you can see the line. And no gas, Mummy, no kerosene. Wọ́n máa zip tent yẹn pa. Èéfín ẹ̀ lè pa èèyàn."

Gbólóhùn àkọ́kọ́ ló ká mi lára jù. Òtútù ń pa bátìrì? Mo dúró síbẹ̀, mo ń rò ó. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí rédíò bàbá wa bá ti ń ké wìnnìwìnnì, èmi ni wọ́n ń rán pé kí n lọ sá bátìrì sóòrùn. A ó tò ó sórí òrùlé páànù, bó bá di ọ̀sán yóò ti gbóná, rédíò yóò sì tún sọ̀rọ̀ fún bí ọjọ́ méjì. N kò fìgbà kan bi ara mi pé kí ló fà á. Àṣé oòrùn ń jí i, òtútù ń pa á, mo sì ti dàgbà tó báyìí láyé kí n tó mọ̀. Mo bẹ obìnrin ṣọ́ọ̀bù, mo dá láńtánì rẹ̀ padà, mo ra èlùbọ́ kí ó má bàa bínú.

Láti ọjọ́ náà ni iná ti di iṣẹ́ mi kejì. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe, mò ń tilé bọ́ sílé ní àyíká Plumstead Common, mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń fún wọn lóúnjẹ àti oògùn. Ìyá òyìnbó kan wà níbẹ̀ tí mo ń kán oògùn sójú rẹ̀ láràárọ̀ nítorí pé omi inú ojú rẹ̀ ń ti ojú náà láti inú, ó sì fẹ́ fọ́ ọ. Bí mo bá ti kán an tán, ó gbọ́dọ̀ dijú fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìṣẹ́jú yẹn ni mo fi ń wo iná lórí fóònù. Mo ra ọ̀kan, wọ́n gbé e wá. Ọkọ mi tàn án ní pálọ̀, ó ní ó ṣókùnkùn. Mo dá a padà. Mo ra òmíràn tó lágbára jù ú lọ, ó ní kò mọ́lẹ̀ tó. Mo tún gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń gba ọjà padà ní Abbey Wood, títí ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ fi ń kí mi bí ẹni tí a jọ ń gbé àdúgbò kan náà. Ẹ̀kẹta dé, èmi fúnra mi kò lè tẹjú mọ́ ọn. Ọkọ mi ní, "Ó dáa díẹ̀."

Èmi kì í ṣe onísùúrù, ọkọ mi ló fi sùúrù fẹ́ mi. Mo ní, "Ẹja lẹ fẹ́ pa, Daddy, kì í ṣe pé ẹ fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un!" Ó rọra pa iná náà, ó tún tàn án.

Nígbà tó di Sátidé kan lọ́sàn-án, mo ní ó tó gẹ́ẹ́, a ó dán iná náà wò bó ṣe yẹ. Ọmọ wa ti sọ pé àgọ́ yẹn kò ju balùwẹ̀ wa lọ, balùwẹ̀ wa kò sì ní fèrèsé. Bí o bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀, o kò ní rí àtẹ́lẹwọ́ rẹ. Mo ní kí ọkọ mi wọ kóòtù kí á lọ pẹja. Mo gbé àpótí kékeré fún un, mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi síwájú rẹ̀ pé ihò yìnyín nìyẹn, mo so òwú mọ́ ọ̀pá ìnulẹ̀, mo fi lé e lọ́wọ́. Nígbà tí mo rí i bó ṣe jókòó pẹ̀lú fìlà onírun lórí, tó na ọ̀pá ìnulẹ̀ sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì, tó sì tẹjú mọ́ omi bíi pé ẹja wà níbẹ̀ lóòótọ́, ẹ̀rín pa mí débi pé mo jókòó sórí ìdérí tọ́ílẹ̀ẹ̀tì. Òun náà ń rẹ́rìn-ín. Mo rántí pé inú wa dùn gan-an lọ́jọ́ náà.

Mo gbé iná ńlá kọ́ sórí irin kọ́tìnnì, mo pa ti òkè, mo ti ilẹ̀kùn. Iná náà mọ́lẹ̀ débi pé mo rí ìdọ̀tí láàárín àwọn táìlì tí n kò rí láti ọdún tí a ti ń gbébẹ̀. Ọkọ mi ní ó ṣe é fara mọ́, àmọ́ ó ṣì ṣú díẹ̀. Mo pòṣé. Mo mú iná kékeré tí mo rà mọ́ ọn, èyí tí wọ́n máa ń há sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò, tí kò ju ẹyin adìẹ lọ. Apá òsì ọkọ mi ni mo dúró sí. Mo tàn án, mo gbé e sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀, mo sì ń retí kó yìn mí.

"Ó dáa, tàn án," ló wí.

Mo rò pé ó ń fi mí ṣeré. "Ẹ wò ó dáadáa."

"Tàn án kí n wò ó, Mummy. Ọwọ́ ń ro mí."

"Mo ti tàn án, Daddy."

"Níbo? Àbí bátìrì ẹ̀ ti kú ni?"

Iná wà lójú rẹ̀. Mo rí ìmọ́lẹ̀ náà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, mo lè ka irun funfun tó wà ní irùngbọ̀n rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú òsì náà là sílẹ̀ gbàgà, kò ṣẹ́, kò yí. Ẹ̀rín tán lẹ́nu mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iná náà bọ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀, mo kọjá ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo kọjá ihò imú kan, ó sì ku díẹ̀ kó kan karan imú rẹ̀ kí ọkọ mi tó mi orí.

"Ẹ̀hẹ́n, ó ti tàn," ló wí. "Èyí gan-an ló dáa."

Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ọ̀tún rẹ̀, mo na ìka sókè, mo ní kó sọ iye tó jẹ́ fún mi. Mo tún bi í.

"Gbé ọwọ́ kúrò lójú mi," ló wí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an. "Jọ̀ọ́."

"Daddy, kí ló ṣe ojú yín?"

Ó gbé ọ̀pá ìnulẹ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó tò ó dáadáa kó má bàa ṣubú. Lẹ́yìn náà ló sọ orúkọ àìsàn tí mò ń kán oògùn rẹ̀ sójú ẹlòmíràn láràárọ̀. Ó ní, "Glaucoma ni."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti ń lọ sí ọdún méjì."

"Ọdún méjì! Ẹ mọ̀ ọ́n fún ọdún méjì, ẹ ò sọ fún mi?" Mo ti ń pariwo. Balùwẹ̀ kékeré náà gba ariwo mi, ó dá a padà sí mi létí.

"Mo sọ fún ẹ," ló wí.

Mo ní kò sọ nǹkan kan. Ó ní òun sọ. Ó ní ọjọ́ tí òun ti ọ̀dọ̀ dókítà ojú dé, lẹ́tà wà lọ́wọ́ òun, oògùn wà nínú àpò, mo dúró ní kíṣínì, òun sì ní, "Mummy, wọ́n ní nǹkan kan wà lójú mi tí wọ́n ń pè ní..." Ó ní n kò jẹ́ kí òun parí rẹ̀. Ọwọ́ mi ni mo fi bo òun lẹ́nu.

Bó ṣe sọ ọ́ báyìí ni mo rántí. Ààwẹ̀ ni à ń gbà ní ìjọ wa nígbà náà, èmi ni mo ń darí àwọn obìnrin nínú àdúrà. Mo ní, "Ẹ má fẹnu yín pè é! Ohun tá a bá pè ló ń dáhùn. A ò gbà á! Ojú yín ò ní fọ́ lórúkọ Jésù!" Mo gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ rẹ̀, n kò ṣí i, n kò ka ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbé e sókè níwájú pẹpẹ, mo sì fà á ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ọ̀tá fà ya lórí ọkọ mi. Àwọn obìnrin tó kù ké "Àmín" débi pé ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Mo padà sílé, mo jẹun, mo sùn. N kò tún bi ọkọ mi léèrè ohun tó wà nínú lẹ́tà yẹn láéláé. Mo ti ṣẹ́gun rẹ̀, kí ni mo tún fẹ́ béèrè?

"Oògùn náà ńkọ́?" Ohùn mi kò jáde dáadáa.

"Mo lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan. Ò ń jẹ́rìí nínú ìjọ pé Ọlọ́run ti wò mí sàn. Mo wá rò ó pé tí mo bá ń kán an ní kọ̀rọ̀, bíi pé mò ń sọ ẹ́ di òpùrọ́ ni." Ó fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ ojú òsì rẹ̀. "Kò dùn mí rárá. Bó bá ń dùn mí ni, ǹ bá ti mọ̀ pé ó ń lọ."

Ọkùnrin yìí ń wa takisí. Ó ń gbé èèyàn lọ sí pápákọ̀ òfuurufú, ó ń gbé wọn bọ̀. Mo ronú kan àwọn ọmọdé tó ń sọdá títì láti apá òsì. Mo di irin kọ́tìnnì mú, iná ńlá sì ń mì lókè orí wa.

Mo bi í pé kí ló wá ń wá lọ sórí yìnyín pẹ̀lú irú ojú báyìí. Ó ní ìdí tí òun fi ń lọ nìyẹn. Ó ní òun kò tíì rí ilé ọmọ òun, òun fẹ́ fojú ara òun rí i kí ọ̀tún náà tó lọ. Iná tó sì ń yọ mí lẹ́nu lé lórí, kì í ṣe torí ẹ̀bùn nìkan.

"Mi ò fẹ́ kí àna mi rí mi kí n máa fọwọ́ wá ìwọ̀ nínú òkùnkùn," ló wí. "Ojú á tì mí."

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Òótọ́ ni, àmọ́ ọkọ mi kò dákẹ́ fúnra rẹ̀. Èmi ni mo pa á lẹ́nu mọ́, mo sì fi orúkọ Ọlọ́run ṣe é. Mo jókòó sílẹ̀ lórí táìlì balùwẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé, òun ló sì ń rẹ̀ mí lẹ́kún.

Ó kó kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ fún mi lọ́jọ́ náà, n kò tilẹ̀ tíì béèrè. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè mo pe ilé ìwòsàn, wọ́n ní kí á máa bọ̀ lọ́sẹ̀ náà gan-an. Kí á tó lọ, mo lọ bá ìyàwó pásítọ̀ wa, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo rò pé yóò ní kí á tún gba ààwẹ̀. Ó wò mí bíi pé orí mi dàrú.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ fa lẹ́tà hospital ya?" ló bi mí. "Daddy tèmi náà ní i. Àárọ̀ àti alẹ́ ni mò ń kán oògùn sójú wọn, lẹ́yìn náà la máa gbàdúrà."

Pásítọ̀ tó dúró lórí pẹpẹ tí mo ti fa lẹ́tà ya! Ọkọ mi àti pásítọ̀ ń gbé àìsàn kan náà kiri nínú ìjọ kan ṣoṣo, ẹnì kan kò sì sọ fún ẹnì kejì.

Dókítà tó rí wa kéré lọ́jọ́ orí sí àkọ́bí wa, ó sì ní sùúrù. Ó wo ojú ọkọ mi pẹ́, ó ní kó gbé àgbọ̀n lé irin, kó máa tẹ bọ́tìnnì bó bá ti rí ìmọ́lẹ̀. Mo jókòó sí ẹ̀yìn, mo ń retí kí n gbọ́ ìró bọ́tìnnì. Fún ojú ọ̀tún, ó ń dún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Fún òsì, yàrá náà pa rọ́rọ́, ó pa rọ́rọ́ títí wọ́n fi pa ẹ̀rọ.

Ó ní ti òsì ti lọ, kò sì ní padà. Ti ọ̀tún ṣì wà, a lè dì í mú tí a bá ń kán oògùn láìyẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ wakọ̀ mọ́, àmọ́ ó lè rìnrìn àjò lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, kó kàn kó oògùn dání. Ó bi ọkọ mi pé ìgbà wo ni wọ́n kọ́kọ́ sọ fún un. Ọkọ mi la ẹnu láti dáhùn, mo ṣáájú rẹ̀. Mo sọ orúkọ àìsàn náà. Mo ní ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún méjì, wọ́n fún un ní oògùn, ó sì fẹ́ lò ó. Mo ní èmi ni n kò jẹ́ kó lò ó.

Dókítà kò bínú sí mi, ó kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Mo wá bi í ní ohun tí mo ti ń gbé kiri láti ọjọ́ Sátidé. Mo ní, "Ká ní ó bẹ̀rẹ̀ oògùn nígbà yẹn, báwo ni ojú òsì ì bá ṣe rí lónìí?"

Dókítà gbé bírò sílẹ̀, ó yíjú sí mi, mo sì rí i pé ó mọ ìdáhùn náà. Ọkọ mi na ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fọwọ́ wá ọwọ́ mi títí ó fi bà á.

"Dókítà," ló wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a lóhùn."